Ọkọ̀ ojú omi láti Lọ́kọ́ja sí Idah: ẹ ka jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọlé

Wákàtí mẹ́ta ni ọmọbìnrin tó gbowó lọ́wọ́ wa pè é. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ṣí ní Lọ́kọ́ja, ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù kí á tó fojú kan òkè pupa Idah. Síbẹ̀, bí bàbá tó dúró síwájú ọkọ̀ wa bá tún máa wà níbẹ̀, màá tún lọ.

Kubwa lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. A wa mọ́tò dé Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ Ẹtì, a sùn síbẹ̀. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. ₦30,000 lẹ́nì kan: ìjókòó, ìbòrí, omi tútù, oúnjẹ. Ìjókòó dáa lóòótọ́. Tapólì tó ya ni wọ́n ń pè ní ìbòrí, oòrùn oṣù kẹta sì gba ojú ihò rẹ̀ jó ẹ̀gbọ́n mi léjìká títí a fi dé. Omi tútù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní èbúté. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé èèyàn mọ́kànlá ni wá, jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó mẹ́jọ. Mo ní n ò wọkọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n sáré yá mẹ́ta wá, okùn ọ̀kan sì ti já.

Ṣùgbọ́n omi yẹn! Iwájú Lọ́kọ́ja gan-an ni Benue ti ń wọ inú Ọya. Omi méjèèjì kọ́kọ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà wà láàárín wọn bí ojú ìránṣọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lábẹ́ afárá Itobe, lápá ìsàlẹ̀ Àjàòkúta, ni ọkọ̀ dún ràà, ó dúró. Awakọ̀ fẹ́ fi iná sí i, bàbá pariwo mọ́ ọn pé iyanrìn á wọ ẹ́ńjìnnì. A sọ̀ kalẹ̀. Àárín Ọya, omi ò dé orúnkún mi! Nupe ni bàbá, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ dà bí ti ará Ìlọrin. Ó so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá oparun rẹ̀ níbi mẹ́ta, òun ló fi ń wọn omi. Ó nawọ́ sí iwájú: "Ọmọ mi, ibi tó ń ta pẹ́pẹ́ yẹn, omi ibẹ̀ ò jìn. Ẹ̀gbẹ́ bèbè tó ń ya lulẹ̀ yẹn, tó dúdú, ọ̀nà nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta la há, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yọ wá. Ọdún 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò yìí kí ọkọ̀ ńlá lè máa dé èbúté Baro ní ìpínlẹ̀ Niger. Iyanrìn ti padà sílé o.

Ní Ega ní Idah, ère Inikpi wà létí odò, ọmọ ọba Ígálà tí wọ́n sin láàyè nítorí ogun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Olúorogbo tiwọn nìyí." A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mọ́tò la gbà padà. Láti orí afárá, a rí lékeléke kan níbi tí a ti há, omi ò kan itan rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, bàbá ló ni méjì. Ẹ má lọ lóṣù kẹta bíi tiwa. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni àkúnya ń dé, irú èyí tó lé àwọn ará Lọ́kọ́ja kúrò nílé lọ́dún 2012 àti 2022. Oṣù kọkànlá ni bàbá ní kí á padà wá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó máa di ọ̀pá mú níwájú.