Ẹ̀rọ ìfọṣọ onígbá méjì, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin nílé wa n'Ìbàdàn

Ọdún 2021 ni mo ra ẹ̀rọ yìí ní Dùgbẹ̀, oníkílò méje. Ẹ má jẹ́ kí kílò yẹn tàn yín o, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ńlá méjì àti àpò ìrọ̀rí mẹ́rin, ó ti kún. Jíìnsì mẹ́ta, ó ti ń kérora.

Omi ni kò jẹ́ kí n ra èyí tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ìyẹn fẹ́ kí omi máa tú wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti orí táǹkì, èyí tó bá sì tún ń gbé omi kaná, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Kàǹga ni tiwa. Eléyìí, garawa ni mo fi ń bu omi sí i, kò sì bi mí léèrè ibi tí mo ti fà á. "I better pass my neighbour" wa ń gbé e wẹ́rẹ́.

Omi náà kì í ṣòfò. Funfun ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀, omi ọṣẹ kan náà ni mo fi ń fọ aláràbarà, dúdú tẹ̀ lé e, èyí tó kù á lọ fọ ilé ìyàgbẹ́. Àdìrẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dán an wò, síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí bàbá àwọn ọmọ mi ní di aláró.

Igbá kejì, èyí tó ń fún aṣọ, òun gan-an ni mo sanwó fún. Ó ń yí tó 1,300 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ fún kúbùsù rí nínú òjò oṣù Keje, tó wà lórí okùn fún ọjọ́ mẹ́ta títí tó fi ń rùn, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ní báyìí, ohun tí mo fọ̀ láàárọ̀ á gbẹ kó tó dalẹ́, abẹ́ fàráńdà náà ni mo sá a sí. Ẹ ṣáà tò ó kó dọ́gba, kí ẹ sì fi ọmọrí kékeré inú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Abẹ́òkúta, àwa ọmọbìnrin ò ní Sátidé. Àwa mẹ́rin á yí báàfù ká, ẹnì kan ń fọ̀, ẹnì kan ń ṣan án, àwọn tó kù ń fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Lónìí, ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún méjìlá ló ń fọ aṣọ ilé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí ló rí. Omi fífà ṣì wà níbẹ̀ ṣá, garawa méje sí mẹ́jọ. Ẹ̀rọ ò gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àléébù rẹ̀ tó dùn mí jù ni pé abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, eku wọlé, ó gé wáyà. Mo ti fi nẹ́ẹ̀tì dí i.

Màámi wá kí wa, ó wò ó tó ń yí, ó ní, "Ṣé ó mọ ibi tí kọ́là wà?" Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kọ́là àti abíyá, ọwọ́ ni mo ṣì fi ń kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àmọ́ láti òjò èṣí ni àpò Ghana-must-go Màámi ti ń tọwọ́ àbúrò mi dé, kúbùsù àti ìró ló ń wà nínú rẹ̀. Bùbá ò sí níbẹ̀.