Ìjókòó ojú fèrèsé láti Èkó: A àbí F?

Ẹni tó kàn fẹ́ sùn nínú bàálù kò níṣòro: èyí tó bá rí ni kó gbé orí tì. Ẹni tó fẹ́ wo Èkó láti òkè ló yẹ kó fara balẹ̀ yan ìjókòó. Nínú Boeing 737 àti Airbus A320, A wà lápá òsì, F wà lápá ọ̀tún.

Afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn tó ń ti orí òkun bọ̀ ló wọ́pọ̀ jù ní Èkó, bàálù kì í sì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti òun lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń kọjú sí gúúsù ní Ìkẹjà, ìbáà gbéra, ìbáà balẹ̀. Ọ̀sà wà ní ìlà-oòrùn pápákọ̀ yìí, òsì ló sì bọ́ sí. Nítorí náà, àtàlọ àtàbọ̀, ẹni tó jókòó sí A ló ń rí ọ̀sà, Afárá Third Mainland, Mákòókó, àti àwọn ilé gogoro Marina lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ẹ bá ń lọ sí Abuja tàbí Ìlọrin, bàálù sábà máa ń yà sósì lẹ́yìn tó bá gbéra. Ìyẹ́ òsì á rẹlẹ̀, gbogbo ìlú á sì tẹ́ síwájú yín bí ẹní. Láàárọ̀, oòrùn ọ̀nà Abuja kì í sí lójú ẹni tó wà ní A. Nírọ̀lẹ́ ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

F náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí Accra, F ló ń rí ilẹ̀: Àgbádárìgì, Kútọnu, adágún Nokoué, omi òkun lásán ni A ń wò. Ọ̀nà Port Harcourt, etí òkun wà lápá F nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ó sì di ti A nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Nínú Boeing 737, páìpù kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ẹ́síì láti ìsàlẹ̀ bàálù lọ sókè àjà. Inú ògiri ló gbà kọjá, níwájú ìyẹ́ díẹ̀, ibi tó bá sì gbà kò lè ní fèrèsé. Ẹni tó bá sanwó ìjókòó ojú fèrèsé níbẹ̀ á dé, á bá ògiri gbalasa. Apá òsì ló ti wọ́pọ̀ jù, láàárín ìlà 9 sí 12, bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ka ìjókòó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2025. Àwòrán ìjókòó tí wọ́n ń fi hàn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ ọ́. Ẹ wò ó lórí aeroLOPA, ìkànnì àwòrán ìjókòó bàálù, wọ́n máa ń ya fèrèsé sí ibi tó wà gan-an. Ní káúńtà, ẹ má kàn ní "ojú fèrèsé". Ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo A, láti ìlà 4 sí 8, kí n má bọ́ sí ibi tí ò ní fèrèsé." Bí wọ́n bá pààrọ̀ bàálù (ṣe ẹ mọ Èkó), ẹ tún un béèrè, torí nọ́ńbà àtijọ́ lè bọ́ sí ibòmíràn.

Láti bíi ìlà 10 sí 20 nínú 737-800, ìyẹ́ ló kún ojú. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì á máa mú kí fọ́tò gbọ̀n bí omi. ATR 72, bàálù kékeré kan, kò ní wàhálà ìyẹ́, òkè fèrèsé ni tirẹ̀ wà.

Ìgbà ọyẹ́, eruku ló bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn òjò ló mọ́ jù. Lálẹ́, ẹ pa iná orí yín, kí ẹ fi ìpèlé dúdú bo orí àti fèrèsé pọ̀. Ẹ má gbé fóònù lé gíláàsì, á máa gbọ̀n. Ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀.

Ká má ṣe ojúsàájú, méjèèjì ló dáa. Àlọ Accra àti àlọ Port Harcourt, F. Ìyókù, A, níwájú ìyẹ́. Bí A bá sì ti tán, ẹ gba F tí wọ́n bá fún yín, ẹ má sanwó kún un.