Ẹ̀rọ ìfami tó ń lo oòrùn: èwo ló yẹ oko yín, èwo ló yẹ ọgbà màlúù yín?

Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀rọ ìfami tó ń lo iná oòrùn, ohun àkọ́kọ́ tí òǹtajà máa ń bi í ni iye họ́ọ̀sì tó fẹ́, ìyẹn ìwọ̀n agbára mọ́tò. Agbára mọ́tò kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ tàbí olùsìn ẹran kọ́kọ́ mọ̀ ni iye lítà omi tó nílò lóòjọ́, bí omi náà ṣe jìn tó nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fà á lọ́wọ́, àti iye omi tí kànga lè sun padà láàárín wákàtí kan. Ẹ̀rọ méjì tí mọ́tò wọn jẹ́ họ́ọ̀sì kan náà lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru: ọ̀kan á da omi repete láti inú odò, síbẹ̀ kò ní lè gbé ẹ̀kán kan jáde nínú kànga tó jìn ní 50 mítà, èkejì á gbé omi gòkè láti ìsàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò ní tó í rin oko tòmátò.

Àpò ara mi ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní abà wa lápá Òkè-Ògùn, a ra ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ tí wọ́n ní òun ló lágbára jù lọ nínú ìsọ̀ náà, a sì sọ ọ́ sínú kànga ẹ̀rọ tí kì í sun ju 900 lítà lọ ní wákàtí kan. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti fa omi kànga náà tán, kò sì sí ohun tó máa pa á nígbà tí omi bá tán. Kí oṣù kejì tó parí, ó ti jóná. Ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́ la fi rọ́pò rẹ̀, omi rẹ̀ sì ni màlúù wa ń mu títí dòní, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú owó

Màlúù kan máa ń mu omi tó 30 sí 50 lítà lóòjọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì ń sún mọ́ 50. Ewúrẹ́ tàbí àgùntàn kan lè mu bíi 5 sí 8 lítà. Ọgọ́rùn-ún adìyẹ elẹ́yin á mu bíi 25 sí 30 lítà, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ooru bá mú gan-an. Ohun ọ̀gbìn ló ń gba omi jù: ewébẹ̀ tàbí tòmátò tí wọ́n gbìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ omi tó ga tó mìlímítà 5 lórí ilẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 20,000 lítà fún éékà kan.

Ẹ wá wọn gíga tí omi yóò gùn. Kì í ṣe ibi tí omi wà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kànga ni kí ẹ wọ̀n, bí kò ṣe ibi tó sọ̀kalẹ̀ dé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fa omi fún wákàtí mélòó kan. Ẹ fi gíga tánkì kún un, kí ẹ sì fi mítà díẹ̀ kún un fún agbára tí páìpù gígùn máa ń gbà lọ́wọ́ omi. Ẹni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún yín gbọ́dọ̀ fún yín ní èsì ìdánwò ìfami rẹ̀ lórí ìwé. Bí kò bá sí, ẹ sanwó kí wọ́n tún un ṣe, nítorí pé láìsí i, àfojúbù lásán ni gbogbo ohun tí òǹtajà bá sọ.

Bí ẹ bá ti ní iye méjèèjì, ẹ fi iye lítà òòjọ́ sọ iye mítà di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí 367. Ohun tó bá jáde ni iye wáàtì-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná, tí gbígbé omi náà gòkè ń gbà. Nítorí pé ẹ̀rọ, wáyà àti eruku máa ń jẹ nínú agbára náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ pín in sí 4, torí pé bí a bá kó gbogbo oòrùn òòjọ́ jọ, wákàtí oòrùn kíkún (èyí tó mú ganrínganrín) tí ilẹ̀ Yorùbá ń rí kò sábà ju 4 sí 5 lọ, ó sì máa ń dín kù sí i nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ohun tó bá jáde ni iye wáàtì pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tó ń sọ oòrùn di iná, tí ẹ nílò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbà ẹran tó ní màlúù 60 àti ewúrẹ́ 100. Omi wọn sún mọ́ 4,000 lítà lóòjọ́. Bí gíga gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 50 mítà, wáàtì-wákàtí 545 ni omi náà ń gbà. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀ tí a sì pín in sí 4, pánẹ́ẹ̀lì tí a nílò jẹ́ nǹkan bíi 340 wáàtì. Ẹ wá fi í wé éékà tòmátò kan létí odò, tó ń fẹ́ 20,000 lítà ní gíga mítà 15: pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 510 wáàtì. Omi rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ọgbà ẹran, síbẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì, nítorí pé omi náà kò jìn.

Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ àti ẹ̀rọ inú omi

Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ rọrùn láti rà, ó rọrùn láti tún ṣe, ó sì ṣeé gbé wálé lálẹ́ kí olè má baà jí i. Ààlà kan ṣoṣo ló ní, kò sì sẹ́ni tó lè yẹ ààlà náà: afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè sínú páìpù ìfà rẹ̀, nítorí náà kò lè fa omi tó bá jìn sísàlẹ̀ rẹ̀ ju mítà 7 lọ, bó ti wù kí mọ́tò rẹ̀ tóbi tó. Ó yẹ àwọn tó ń dáko létí odò Ògùn tàbí lẹ́bàá omi ìdídò Ìkẹrẹ̀ Gorge nítòsí Ìsẹ́yìn, ó sì yẹ kànga àfọwọ́gbẹ́ tí omi rẹ̀ kò jìn. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ wọn odò náà, nítorí pé omi tó wà ní mítà 4 nínú oṣù Kẹwàá lè ti kọjá mítà 7 nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbóná, àkókò náà gan-an sì ni ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ omi jù.

Bí omi bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ inú omi ni ọ̀nà àbáyọ, torí pé ńṣe ló ń ti omi láti ìsàlẹ̀.

Síkúrù àti ìmpẹ́là

Níbi tí mo ti rí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ inú omi tí wọ́n ń ṣìnà jù lọ nìyí. Ẹ̀rọ oní-ìmpẹ́là ní àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tó ń yí lórí ara wọn, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe máa ń ga tó. Ẹ̀rọ oní-síkúrù ní ọ̀pá irin kan tó lọ́ bí okùn, tó ń yí nínú rọ́bà, tó sì ń ti omi díẹ̀díẹ̀ sókè bí ìgbà tí èèyàn ń fún un láti inú ìgò.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ hàn nígbà tí oòrùn bá kéré. Bí ìmpẹ́là bá yí ní ìdajì eré rẹ̀, gíga tó lè gbé omi dé á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, láàárọ̀ kùtùkùtù tàbí nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ̀rọ náà lè máa yí, kí iná rẹ̀ sì máa tàn, kí omi kankan má sì yọ lókè. Síkúrù yàtọ̀ sí èyí: bí eré rẹ̀ bá di ìdajì, omi rẹ̀ di nǹkan bí ìdajì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dé tánkì. Ní Òkè-Ògùn, Èkìtì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ọ̀ṣun, tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀, tí kànga ẹ̀rọ jìn tí omi rẹ̀ kò sì pọ̀, síkúrù ni mo máa yàn láìṣiyèméjì. Níbi tí omi ti pọ̀ tí kò sì jìn, bíi lápá gúúsù ìpínlẹ̀ Ògùn tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníyanrìn, ìmpẹ́là á mú omi púpọ̀ wá ní owó tó dínkù.

Síkúrù náà ní àléébù tirẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ máa ń jẹ, omi ló sì ń tù ú lára. Bí ó bá yí lásán láìsí omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ má ra èyíkéyìí nínú méjèèjì láìsí wáyà aṣọ́mi tó máa pa á nígbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tó jóná.

Iná tààrà tàbí ínfátà

Ẹ̀rọ tó ń lo iná tààrà (DC) láti orí pánẹ́ẹ̀lì, tí kọntiróla kan ń darí, ló bá iṣẹ́ kékeré àti àárín mu. Kò ju pánẹ́ẹ̀lì méjì sí mẹ́fà lọ, ó sì ń dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá tó họ́ọ̀sì 3 sókè, ẹ̀rọ iná ìlú oní-wáyà mẹ́ta (three-phase) pẹ̀lú ínfátà ìfami, àpótí tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di irú iná ìlú, ló dára jù, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ wa mọ mọ́tò rẹ̀ tún ṣe, jẹnẹrétọ̀ sì lè rọ́pò oòrùn ní ọjọ́ tí ó bá pọn dandan. Ẹ mọ̀ pé mọ́tò 220 fóòtì (volt) máa ń fẹ́ tó pánẹ́ẹ̀lì 8 tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn, ti 380 fóòtì sì ń fẹ́ 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tó wà lórí ìlà bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà so ó.

Ínfátà ilé pẹ̀lú bátìrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò mọ́ ẹ̀rọ omi. Èmi kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Tánkì gíga tó gba omi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni bátìrì oko, òun kì í sì í kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ti orúkọ ilé iṣẹ́ ńkọ́? Lorentz láti Jámánì àti Grundfos láti Denmark ni orúkọ wọn ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, owó wọn sì ga. Ẹ̀rọ SQFlex ti Grundfos ń gba iná tààrà láti 30 fóòtì dé 300, ó sì tún ń gba iná jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí rẹ̀, wà nínú mọ́tò tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ti Lorentz wà lókè nínú àpótí, tó fi jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, ẹ kò ní fa ẹ̀rọ jáde láti tún un ṣe. Àwọn ẹ̀rọ láti Ṣáínà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára, àmọ́ ẹ bèèrè bóyá rọ́bà, síkúrù àti kọntiróla rẹ̀ wà ní ìsọ̀ òǹtajà lónìí, kì í ṣe pé wọ́n máa dé lóṣù tó ń bọ̀.

Nípa ẹ̀rọ oní-bẹntiróòlù, owó rírà rẹ̀ ló kéré, ti òòjọ́ rẹ̀ ni kò kéré. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àgbẹ̀ tó ń fa omi lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ẹ tó san ìyókù owó

Àpótí ẹ̀rọ máa ń kọ gíga tó pọ̀ jù àti omi tó pọ̀ jù. Méjèèjì kì í wáyé pọ̀: ní gíga tó pọ̀ jù yẹn, omi kì í jáde rárá. Ẹ ní kí òǹtajà fi àtẹ tó ń sọ iye omi ní gíga kọ̀ọ̀kan hàn yín, kí ẹ sì wo gíga tiyín lórí rẹ̀. Ẹ kọ ojú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, kí ó dagẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n 10 sí 15 dígírì kí òjò lè fọ eruku rẹ̀, kí ẹ sì máa nù ún nígbà ọyẹ́. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè dín agbára gbogbo ìlà kù. Ẹ ri irin àti wáyà wọnú ilẹ̀ ṣinṣin nítorí àrá, nítorí pé àrá máa ń pa kọntiróla ní agbègbè wa.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá so ó tán, ẹ gbé garawa 20 lítà sí ẹnu páìpù lókè tánkì lágogo mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Fún ọgbà ẹran tí a ṣírò lókè yìí, garawa náà gbọ́dọ̀ kún lọ́sàn-án kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì san ìyókù.