A rí ẹni gba orin Gèlèdé wa sílẹ̀ ní Kétu: bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyí

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń wá ẹni tí yóò gba orin yín sílẹ̀, ẹ má tíì béèrè bí sitúdíò rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ béèrè bóyá ó lè jáde wá bá yín. Ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí a lò yìí kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gba Sàkété àti Pobè wá sí Kétu, abẹ́ igi ló sì ti ṣiṣẹ́. 80,000 sẹ́fà ló gbà, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Ibòmíràn la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n kó àwọn onílù wa há yàrá kótópó kan, ìyáàlù bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, omele wá ń dún bí agolo. Owó gbé.

Tèyí gbé SM57 ti Shure síwájú ìlù kọ̀ọ̀kan. Máìkì yẹn ti wà lọ́jà láti 1965, kò nílò iná tirẹ̀, bí wọ́n bá sì lu ìlù gbì-gbì níwájú rẹ̀, kò ní kó mì ín. Kò kọjú rẹ̀ sí àárín awọ, etí awọ ló kọjú rẹ̀ sí, ó ní ibẹ̀ ni ìlù ti ń fọhùn. Ó tún fi òmíràn sílẹ̀ nítòsí ibi tí oníjó ń tẹ̀, nítorí irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Ẹ wá gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dá ìyáàlù lóhùn!

Rédíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fi ṣe àwòkọ́ṣe ni King Tubby ti Jàmáíkà, tí òun náà ti ń tún rédíò ṣe ní Kingston kó tó di pé ó ń yọ ohùn akọrin kúrò nínú orin, tí yóò ṣẹ́ ìlù àti béèsì kù, tí yóò wá da gbohùngbohùn lé e. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ṣe irú rẹ̀ sí orin Ẹ̀fẹ̀ wa láìbéèrè! Ọ̀rọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀. Òun la fi ń na oníwà burúkú lóru. Bí a bá gé ọ̀rọ̀ náà, kí ló kù? Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Gèlèdé wa, gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló di olórin lẹ́nu?” Ó dọ̀bálẹ̀, “Ẹ má bínú, Ìyá.” Ó tún un ṣe, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti gba ti àkọ́kọ́ sórí fóònù wọn. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má sọ fún Ìyá.

Ó máa ń pẹ́ kó tó kó iṣẹ́ wá. Ẹ gba fáìlì WAV, tí ohùn rẹ̀ pé, lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má fara mọ́ MP3, tí wọ́n ti fún ohùn rẹ̀ kéré, nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ ló ni orin, kò gbọdọ̀ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Nínú orin wa kejì, ẹ ó gbọ́ zẹ́mìjàn (ọ̀kadà) kan tó ń fọn fèrè kọjá. Ó kọ̀, kò yọ ọ́, ó ní ó bọ́ sí ìlù.