TestDisk: ojú ẹ̀ ò fani mọ́ra, àmọ́ ó mọṣẹ́

Ẹni tí Linux bá ti sọ fún rí pé kò sí partition (ìyẹn ìpín tí wọ́n pín dìsìkì sí) kankan lórí háàdì dìsìkì ẹ̀ á mọ bí àyà ṣe ń já. Fáìlì ò tíì lọ o, tábìlì tó ń sọ ibi tí partition kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àtibi tó parí sí ló bàjẹ́, ìyẹn gan-an ni TestDisk ń tún ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, Christophe Grenier ló kọ ọ́, inú tẹ́míná (ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí pé ẹ ń fi máòsì tẹ nǹkan kan.

Ẹ yan dìsìkì, ẹ tẹ Analyse, kẹ́ ẹ tẹ Quick Search. Ibi tó ti wù mí jù rèé: tẹ́ ẹ bá tẹ P lórí partition tó rí, á to orúkọ fáìlì inú ẹ̀ síta láì tíì kọ nǹkan kan sórí dìsìkì, tẹ́ ẹ bá ti rí fóldà yín níbẹ̀ ọkàn á balẹ̀. Tí kò bá rí i, Deeper Search wà, àmọ́ tí dìsìkì bá tóbi ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn partition àtijọ́ tẹ́ ẹ ti pa rẹ́ á tún jáde wá dàrú mọ́ tòótọ́, ibẹ̀ ló ti ń súni.

Write, ìyẹn ibi tó ti ń kọ tábìlì tuntun sórí dìsìkì, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tí dìsìkì bá ti ń dún káká, ẹ fi ddrescue (ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dìsìkì tó ti ń bàjẹ́) ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ná. Tí tábìlì ẹ̀ bá sì jẹ́ GPT (irú tábìlì partition kan), ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú gdisk (ètò tó ń tún irú tábìlì yẹn ṣe), torí GPT máa ń fi ẹ̀dà tábìlì pa mọ́ sí ìparí dìsìkì, ìyẹn yá jù.