Fóònù pàjáwìrì fún ìrìn-àjò òkè òkun: oníbọ́tìnnì 2G, oníbọ́tìnnì 4G, àbí Android àtijọ́ tó wà nílé?

Ẹni tó bá ń wá fóònù kejì tó máa sùn nínú báàgì, tó jẹ́ ọjọ́ tí fóònù gidi bá sọnù tàbí tó já sómi nìkan ni yóò jí, mẹ́ta ni yóò bá pàdé. Oníbọ́tìnnì 2G ló wà káàkiri jù, òun náà ni owó rẹ̀ sì kéré jù. (2G, 3G àti 4G ni ìran nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù; bí nọ́ḿbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń jẹ́ tuntun sí i.) Oníbọ́tìnnì 4G jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ ó wọ́n jù ú lọ díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Android tẹ́ ẹ ti lò sẹ́yìn tẹ́ ẹ wá pa tì. Mo ti gbé 2G rìnrìn àjò, mo ti gbé Android àtijọ́ náà rìn, oníbọ́tìnnì 4G ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Gbogbo wọn ló ń pè, gbogbo wọn ló ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lásìkò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ibí ni owó mi ti ṣègbé, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Lọ́dún 2019, alẹ́ ni mo wọ Singapore. Mo gbàgbé fóònù mi sórí ìjókòó ẹ̀yìn táksí, táksí sì ti yà ní kọ̀nà kí n tó fọwọ́ kan àpò. Àyà mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ já, torí oníbọ́tìnnì 2G kan wà nínú báàgì mi, tuntun ni, mo sì ti ṣáájì rẹ̀ kún kí n tó gbéra. Mo tàn án. Bátìrì kún, tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete, síìmù mi kejì wà nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ló ṣófo. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ síìmù, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo dá a padà. Mo ní kó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ó wá a títí, ó ní òun ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Mo wá ń gbé e sókè sódò níwájú òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tó ń fi àtùpà wá ewúrẹ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló yá mi ní tiẹ̀, mo fi pe nọ́ḿbà fóònù mi tó sọnù. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Owó tí mo fi ra òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbọ́tìnnì mẹ́wàá ni ì bá rà.

Kò sí nǹkan kan tó ṣe fóònù náà o. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n ti pa 2G ní Singapore, èmi ni mi ò bèèrè. Ẹni tó tà á fún mi ní kò síbi tí kì í ṣiṣẹ́ láyé. Òótọ́ ni nígbà kan.

Kì í ṣe Singapore nìkan. Jàpáánì ti pa 2G tiwọn tán ní 2012. Taiwan pa á ní 2017. Ní Ọsirélíà, 2G tó gbẹ̀yìn lọ ní 2018, 3G sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì AT&T pa 2G níbẹ̀rẹ̀ 2017, nígbà tí 2022 sì fi máa parí, àwọn iléeṣẹ́ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pa 3G. Ohun tó wá ń tan èèyàn jẹ ni pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe é lódì: Jámánì pa 3G ní 2021, wọn ò sì fọwọ́ kan 2G. Ẹni tó bá ti gbé fóònù 2G lọ sí Jámánì tó ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé bó ṣe máa ṣe níbi gbogbo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ band, ìyẹn ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, tún wà níbẹ̀. Ní Yúróòpù, Áfíríkà àti púpọ̀ nínú Éṣíà, 900 àti 1800 ni 2G ń lò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 850 àti 1900 ni. Nokia 3310 tí wọ́n tún gbé jáde ní 2017, méjì àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀dà 2G rẹ̀ mọ̀.

Ṣé kí ẹ kàn ra 4G kẹ́ ẹ máa lọ ni? Ẹ dúró ná. Ẹ̀tàn kan wà nínú 4G náà, VoLTE lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ìpè gba orí 4G fúnra rẹ̀ kọjá. Fóònù 4G tí kò ní i, tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ḿbà, orí 2G tàbí 3G ló máa sá lọ láti pè. Níbi tí wọ́n ti pa méjèèjì, àmì 4G á kún fọ́fọ́, ìpè ò ní lọ. Ní Ọsirélíà, láti ìparí 2024, fóònù tí kò bá lè pe 000, nọ́ḿbà pàjáwìrì wọn, lórí 4G, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ tì í pa ni. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sì wà tó jẹ́ pé fóònù tí wọ́n bá mọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí VoLTE fún. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dá sí oníbọ́tìnnì 4G tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ṣe é.

4G náà ní band tirẹ̀. 3 àti 20 ṣe pàtàkì ní Yúróòpù, 2, 4 àti 12 ní Amẹ́ríkà, 28 ní Ọsirélíà.

Bátìrì

2G ló borí, kò ní àríyànjiyàn. 4G tèmi máa ń lo ọjọ́ mélòó kan. Android àtijọ́ tèmi, ọjọ́ tí mo lọ wò ó ni mo rí i pé bátìrì ti wú, ó ti ẹ̀yìn fóònù sókè bí àkàrà. Mi ò tún gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́.

Síìmù

eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ mú, tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò kò wúlò fún oníbọ́tìnnì. Síìmù tó ṣeé fọwọ́ mú ni kẹ́ ẹ rà. Bí ojú síìmù fóònù náà bá tóbi, ẹ má ti síìmù nano, èyí tó kéré jù, wọ̀ ọ́ láìní férémù rẹ̀, ó máa há síbẹ̀. Má gbára lé e pé fóònù tí kò ní síìmù lè pe pàjáwìrì: ní Jámánì, láti 2009, ó di dandan kí síìmù tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè pe 112.

Àwọn yòókù

WhatsApp àti máàpù: Android nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣájà: ẹ gbìyànjú kó jẹ́ USB-C, kó lè bá ti fóònù ńlá dọ́gba. Nọ́ḿbà tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi + àti nọ́ḿbà orílẹ̀-èdè ṣáájú gbogbo wọn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé òkè òkun, ilé kò ní ṣeé pè.

Èwo ni kí ẹ mú?

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dá lójú pé ìlú tí 2G ṣì wà lòun ń lọ, tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ò sì ní já a sílẹ̀ níbòmíràn lójú ọ̀nà, kó ra 2G. Ẹni tó bá lè rántí Android kan lóṣooṣù kó máa ṣáájì rẹ̀, kó lo Android. Mi ò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣá. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù, kó ra 4G tó ní VoLTE.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi síìmù tó ń pè lórí 4G sí i, kẹ́ ẹ fi pe ẹni tó dúró tì yín. Ẹ má wo ẹni yẹn, ojú fóònù ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí 4G bá yí padà di 3G tàbí 2G bí ìpè ṣe wọlé, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tí VoLTE wà, kó ṣí i níṣojú yín. Bó bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ yọ síìmù yín, kẹ́ ẹ máa lọ.