Sikánà ELM327 fún ọkọ̀ tó ń gbóná tó tún ń tutù: bí mo ṣe rí i sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin oní Corolla 2003 sí 2008 àti Camry Big Daddy, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ o. Sikánà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ELM327, ó kéré débi tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ máa kì í bọ ihò OBD, ìyẹn ihò tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi orúnkún òsì dírẹ́bà, ẹ tan Bluetooth fóònù, ẹ ṣí áàpù bíi Torque, ohun tí brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá ń rí lẹ̀yin náà á máa rí. Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á, owó ẹ̀ ò tó owó tí mo fi ń rọ epo kún táńkì, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú gbogbo nǹkan tí mo ti rà sínú ọkọ̀ yẹn, òun ló tètè pa owó ara ẹ̀ padà.

Corolla 2004 ni tèmi, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọwọ́ gééjì ẹ̀ ń ṣe ségesège. Tí mo bá wà lórí Third Mainland Bridge tí ọ̀nà sì dá, á lọ sùn sísàlẹ̀ bíi pé ọkọ̀ ò tíì gbóná rárá, tí mo bá wá dé inú họ́ọ̀dọ́ọ̀pù Ojota á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀nà á tún là, á tún wálẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní rédíétọ̀ ló dí, òmíràn ní wọtapọ́ọ̀ǹpù ni, ẹlòmíràn ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó kí n lọ múra owó ká tú ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan nínú wọn! Wọ́n á fọwọ́ kan họ́ọ̀sì, wọ́n á wo omi, wọ́n á dájọ́. Ó máa ń dùn mí gan-an torí bí owó àwọn èèyàn ṣe ń ṣòfò nìyẹn, wọ́n á ra rédíétọ̀, wọ́n á ra wọtapọ́ọ̀ǹpù, ọkọ̀ á ṣì máa gbóná.

Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé gééjì dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ tinú ẹ̀ tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é kó máa dúró sí àárín, ẹ́ńjìnnì lè wà ní digiri 80, ó lè ti tó 100, ọwọ́ gééjì ò ní mira, ìgbà tí ẹ bá máa fi rí i kó kúrò lójú kan, nǹkan ti yíwọ́ díẹ̀. Nọ́ńbà gangan ni sikánà yìí máa gbé fún yín, ẹ sì lè ní kí Torque yà á sójú fóònù bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀.

Àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́ nìkan, mo wo digiri omi ẹ́ńjìnnì, mo wo ti atẹ́gùn tó ń wọlé, méjèèjì ò jìnnà síra. Ọkọ̀ tó ti sùn mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, tí ọ̀kan bá sọ pé 27 tí èkejì ń sọ pé 55, ẹ ti mú sẹ́nsọ̀ tó ń parọ́ nìyẹn láìtíì náwó kankan.

Mo wá gbé e jáde. Ọ̀nà dá, mo tẹ iná dáadáa, nọ́ńbà ò kọjá 72, nígbà míì á wà ní 68. Láàárín 80 sí 84 ni thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró kó má lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nínú ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla yìí, torí náà tí omi ò bá débẹ̀ láìka bí èèyàn ṣe wakọ̀ pẹ́ tó, á jẹ́ pé ó ṣí sílẹ̀ ni kò padé mọ́, àbí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. A tú ilé ẹ̀, òfìfo! Ẹnì kan ti yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ilẹ̀ wa gbóná a ò nílò thermostat. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá gbóná tó bó ṣe yẹ, ńṣe ni brainbox á máa rò pé òtútù ṣì ń mú un, á máa fún un ní epo ju bó ṣe yẹ lọ, ara irin inú ẹ̀ náà á sì tètè jẹ. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà kan báyìí, ta ló fẹ́ ìyẹn?

Ṣùgbọ́n àìsí thermostat nìkan ò tó láti sọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń gbóná nínú họ́ọ̀dọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń ṣe é. Mo dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo ń wo fóònù: 90, 95, 99, 103, fáànù ò dún. Ó yẹ kó ti máa yí nígbà tó kọjá 95 díẹ̀. Rìwáyà fa wáyà láti bátìrì lọ sí fáànù tààrà, ó yí wìì, fíúùsì ò já, rìléè, suíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù, ló ti jó nínú. Rìléè lásán! A rà á ní Ládípọ̀, a ra thermostat mọ́ ọn, a da kúláǹtì sí i, a yọ afẹ́fẹ́ inú omi dáadáa, látìgbà yẹn, láàárín 84 sí 96 ló ń rìn, lọ́nà tó dá o, nínú họ́ọ̀dọ́ọ̀pù o. Àìsàn méjì tó ń fa ọwọ́ gééjì síbí sọ́hùn-ún ni wọ́n ń pè ní rédíétọ̀, wọtapọ́ọ̀ǹpù àti gáskẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un torí ó ṣẹlẹ̀ sí Camry ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà tiẹ̀ á wà ní 88, lójijì á di -40, á tún padà sí 88. Omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, omi kì í fò, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná díẹ̀díẹ̀ ló ń tutù. Tẹ́ ẹ bá rí -40 nínú Toyota, wáyà sẹ́nsọ̀ ti já tàbí orí ẹ̀ ò mú dáadáa, P0118 ni kóòdù ẹ̀, tó bá sì fò lọ sí 140, wáyà ti kanra wọn nìyẹn. Ìpáǹtí ló kún orí sẹ́nsọ̀ tiẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, ó tán.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra wàyí. Ohun tí sẹ́nsọ̀ bá sọ ni sikánà ń kà, inú omi ni sẹ́nsọ̀ sì wà. Tí omi bá ti jò tán, atẹ́gùn ló máa kù lára ẹ̀, nọ́ńbà lè lọ sílẹ̀ pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ́wọ́. Ẹ má torí fóònù dẹ́kun wíwo omi láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láé. Gáskẹ́ẹ̀tì tó jó náà, kò lè rí i fún yín. Omi búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀, tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń wọnú omi á di yẹ́lò, ìyẹn ni kẹ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì lò kẹ́ ẹ tó gbà kó tú nǹkan kan.

Ní ti sikánà fúnra ẹ̀, ó máa ń já nígbà míì, màá yọ ọ́ màá tún kì í bọ ihò ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ náà sì máa ń falẹ̀ díẹ̀. ELM Electronics ti Kánádà tó ṣe ojúlówó ti kógbá sílé ní 2022, ayédèrú ló kún ọjà, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ v2.1 sí lára, òmíràn á gbà kí ẹ ka kóòdù ṣùgbọ́n kò ní rí digiri kà. Ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú ihò tẹ́ ẹ bá páàkì, á máa mu bátìrì. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 wá ló bá mu, èyí tó bá dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ má wulẹ̀ rà á.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó bá ń lo iPhone, kó bèèrè èyí tó ní WiFi tàbí Bluetooth LE, torí Bluetooth lásán yìí ò ní bá a ṣiṣẹ́, kó sì ní kí wọ́n kì í bọ ọkọ̀ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù kó rí digiri lójú ara ẹ̀ kó tó sanwó.